Mọ́sálásí Azhar: bí ilé kéwú ṣe di ibi tí wọ́n ti kọjú ìjà sí amúnisìn

Bí ìgbà wòlímọ̀ bá ti dé ní Abẹ́òkúta, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn alága ìjókòó pé, "Ààfáà wa tó ń bọ̀ yìí, Azhar ló ti kàwé jáde." Gbogbo èèyàn á mi orí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn tó jókòó tì yín pé kí ni Azhar gan-an, ọ̀kan á ní mọ́sálásí ni, èkejì á ní yunifásítì ni, ẹ̀kẹta á ní ọ́fíìsì olórí àwọn ààfáà ilẹ̀ Íjíbítì ni. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tó tún wá ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ni pé ilé kéwú yìí kan náà ni àwọn Faransé yin àgbá lù, òun kan náà ni ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ya wọ̀, òun kan náà sì ni ààrẹ Íjíbítì gun mímbárì rẹ̀ lọ́dún 1956 láti sọ fún gbogbo ayé pé ìlú òun kò ní túúbá. Báwo ni ilé ìrun ṣe bá ara rẹ̀ nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa ní Abẹ́òkúta. Ìlú yìí ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory kọ́kọ́ ṣí Markaz, ilé kéwú rẹ̀, sí lọ́dún 1952, kó tó kó o lọ sí Agége lọ́dún 1955. Ó ti dé Káírò lọ́dún 1946, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Azhar. Nígbà tó ṣí ilé kéwú tirẹ̀, kò fi mọ sórí wàláà nìkan. Ó pín àwọn ọmọ sí kíláàsì, ó lo pátákó ìkọ̀wé, ó ń ṣe ìdánwò, ó sì ń fún wọn níwèé ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé kéwú tó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tọ̀. Ẹni tó bá ti kéwú níbẹ̀ ti jẹ nínú oúnjẹ Azhar, bí kò tilẹ̀ wọ bàálù rí.

Mọ́sálásí ló kọ́kọ́ jẹ́. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Jawhar ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 970, nígbà tó ṣẹ́gun Íjíbítì fún àwọn ọba ìdílé Fatimid, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 972. Ṣíà ni àwọn Fatimid, kì í ṣe Súńnì; ẹ̀ka méjì tó yàtọ̀ síra nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni. Nígbà tí Salahuddin gba ìjọba lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1171, ó dá ìrun Jímọ̀ dúró níbẹ̀, kò sì sí ìrun Jímọ̀ ní Azhar mọ́ títí di ọdún 1266 tí Súlítáánì Baybars fi dá a padà. Láti ìgbà náà ló ti di ilé ẹ̀kọ́ Súńnì tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ má fi ojú mọ́sálásí ńlá wa ní Kóbìtì wò ó, níbi tí a ti ń kírun tán tí oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń gbé ní Azhar ni. Ààfáà á fẹ̀yìn ti òpó kan, àwọn ọmọ kéwú á jókòó yí i ká lórí ẹní, á máa ka ìwé fún wọn, á sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ní òpó kejì, ààfáà mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Wọn kì í gba owó ilé ìwé. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ni wọ́n ń pè ní riwaq, ìlú tí kálukú ti wá ni wọ́n sì fi pín in: ti àwọn ará Síríà wà lọ́tọ̀, ti àwọn ará Mòrókò àti agbègbè wọn wà lọ́tọ̀, ti àwọn ará òkè Íjíbítì wà lọ́tọ̀, ti àwọn Túúkì wà. Kódà riwaq kan wà tí wọ́n fi orúkọ Bọ̀nú sọ, fún àwọn tó ti apá ibi tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí rìn débẹ̀. Wọ́n ń pín búrẹ́dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ déédéé. Owó búrẹ́dì náà ń wá láti inú ilẹ̀, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí àwọn olówó ti fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè mọ́sálásí náà ṣì ń jẹ́ Ẹnubodè Àwọn Onígbàjámọ̀ títí dòní, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fárí fún àwọn ọmọ kéwú.

Tí ẹ bá lóye èyí, ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù ti yé yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó pọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan, láàárín ìgboro, wọ́n mọ ìwé, oúnjẹ wọn kò ti ọwọ́ ìjọba wá, abúlé kálukú wọn sì ń retí ohun tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá wálé. Kò sí ohun ìjà kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tàbí àjèjì tó bá fẹ́ jẹ gàba lórí Káírò kò lè ṣe bí ẹni pé kò rí wọn.

Napoleon Bonaparte ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí èyí yé. Ní oṣù July 1798 ló gúnlẹ̀ sí Alẹkisáńdríà pẹ̀lú ọmọ ogun Faransé, ó sì tẹ ìwé ìkéde jáde ní èdè Lárúbáwá pé òun bọ̀wọ̀ fún Ànábì àti Àlùkùránì, pé àwọn Mamluk, àwọn jagunjagun tó ń ṣàkóso Íjíbítì nígbà náà tí wọ́n ń ni ìlú lára, lòun wá bá jà. Nígbà tó wọ Káírò, àwọn ààfáà àgbà Azhar ló kó jọ ṣe ìgbìmọ̀, ó sì fi Sheikh Abdullah al-Sharqawi, tó jẹ́ olórí Azhar nígbà náà, ṣe alága wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà nínú ìtàn náà, torí wọ́n rò pé gbogbo ààfáà ló dìde sí amúnisìn láti ọjọ́ kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà jókòó nínú ìgbìmọ̀ Faransé. Lójú wọn, bí ìlú bá ti bọ́ sọ́wọ́ alágbára, ẹni tó bá lè bá a sọ̀rọ̀ ló máa dín ìyà kù fún mẹ̀kúnnù. Mi ò lè torí ìyẹn pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yorùbá gba ọ̀nà yẹn náà, fún ìdí kan náà.

Owó ló bẹ́ ẹ. Faransé ní kí gbogbo onílé mú ìwé ilé wọn wá fún ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n sì sanwó lé e. Ní ọjọ́ 21 oṣù October 1798, Káírò gbaná. Wọ́n pa ọ̀gágun Dupuy tó ń ṣàkóso ìlú náà. Wọ́n wó àwọn pèpéle òkúta iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi dí ojú ọ̀nà. Inú Azhar àti àdúgbò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ́ sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa gbọwọ́ ìjà dé.

Napoleon ní kí wọ́n yin àgbá lé e lórí láti ibi gíga tó yí ìlú ká. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọlé. Abd al-Rahman al-Jabarti, ààfáà tó kàwé ní Azhar tó sì wà ní Káírò nígbà náà, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: wọ́n gun ẹṣin wọ inú mọ́sálásí, wọ́n so àwọn ẹṣin náà mọ́ apá ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, wọ́n fọ́ àwọn àtùpà, wọ́n já àpótí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n da ìwé àti Àlùkùránì sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti rí bí bàbá àgbà kan ṣe ń fi aṣọ funfun wé Àlùkùránì rẹ̀, tó ń gbé e sókè lórí pẹpẹ kí ọmọdé má baà fọwọ́ ìdọ̀tí kàn án, á mọ irú ọgbẹ́ tí ìyẹn dá sí ọkàn àwọn èèyàn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú díẹ̀ nínú àwọn ààfáà, wọ́n sì pa wọ́n. Al-Jabarti kan náà kò sì yin àwọn tó dá rògbòdìyàn náà sílẹ̀. Ó bá wọn wí nínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n kó ìlú sínú ewu. Ìdí rèé tí mo fi gba ohun tó sọ nípa àwọn ẹṣin náà gbọ́, torí kì í ṣe ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ọdún kejì sí i, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Ní oṣù June 1800, ọmọ kéwú kan láti Aleppo ní Síríà, Suleiman al-Halabi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24, gún ọ̀gágun Kléber tí Napoleon fi àṣẹ lé lọ́wọ́ pa. Azhar ni Suleiman ń gbé fún bí oṣù kan ṣáájú. Faransé pa á ní ìpa ìkà, wọ́n sì bẹ́ orí àwọn mẹ́ta tí wọ́n bá lẹ́jọ́ pé ó sọ fún wọn, wọn kò sì tú u síta. Àwọn àgbà Azhar fúnra wọn ló wá lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti mọ́sálásí náà pa, kí ẹlòmíràn má baà sá wọ̀ ọ́ kó ran gbogbo ilé. Ó wà ní títì títí Faransé fi kúrò ní Íjíbítì lọ́dún 1801.

Lẹ́yìn èyí ni agbára àwọn ààfáà ga jù. Ní 1805, àwọn àti Umar Makram, olórí àwọn ìran Ànábì ní Íjíbítì, ló yọ gómìnà tí Túúkì fi jẹ, tí wọ́n sì gbé Muhammad Ali sórí àléfà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wá lọ́dún 1807, tí àwọn ará Íjíbítì ṣẹ́gun wọn ní Rashid, Umar Makram wà lára àwọn tó kó ará Káírò jọ fún ààbò ìlú. Ṣùgbọ́n Muhammad Ali rí ohun tó ń fún Azhar lágbára. Ní 1809, ó lé Umar Makram kúrò ní Káírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ilẹ̀ oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run sọ́wọ́ ìjọba. Owó búrẹ́dì wá ń kọjá lọ́wọ́ ọba. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èmi ka ìyẹn sí ohun tó dùn wọ́n jù, ó ju ọta àgbá Napoleon lọ.

Gẹ̀ẹ́sì padà wá lọ́dún 1882, wọ́n sì dúró. Ahmed Urabi, ọmọ àgbẹ̀ tó ti kéwú ní Azhar kó tó di ṣọ́jà, ló ṣáájú àwọn tó kọ̀ fún wọn. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Tel el-Kebir ní oṣù September ọdún náà. Wọ́n lé Muhammad Abduh, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ààfáà Azhar tó kọ́wọ́ tì í, kúrò nílùú. Odindi ọdún 32 ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣàkóso láìsọ ọ́ sójútáyé pé Íjíbítì ti di tàwọn. Oṣù December 1914 ni wọ́n tó kéde rẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀.

Kí ọmọ Ẹ̀gbá dúró díẹ̀ níbí. Ọdún 1914 yẹn kan náà ni òmìnira wa bọ́. Àdéhùn tí a bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 ti sọ pé Ẹ̀gbá kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, a sì ń ṣe ìjọba tiwa, títí di oṣù August 1914 tí ṣọ́jà yìnbọn lu àwọn èèyàn ní Ìjemọ̀, tí Ọlúwo Ìjemọ̀ wà lára àwọn tó kú. Ní oṣù September, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Nígbà tó di 1918, wọ́n gbé owó orí lé wa lórí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fipá kó àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ní oṣù June ọdún náà, ogun Adúbí bẹ́. Wọ́n hú ojú irin reluwé, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Gẹ̀ẹ́sì kó ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé wá bá àwọn àgbẹ̀ jà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì kú.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Íjíbítì ṣe ohun kan náà. Lásìkò ogun, wọ́n ti fipá kó àwọn àgbẹ̀ wọn lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gba ràkúnmí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọkà wọn. Nígbà tí ogun parí, Saad Zaghlul, tí òun náà kéwú ní Azhar nígbà èwe, ní kí wọ́n jẹ́ kóun àti ẹgbẹ́ òun lọ bèèrè òmìnira níbi ìpàdé àlàáfíà. Ní ọjọ́ 8 oṣù March 1919, Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Málítà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti ń hú ojú irin reluwé, wọ́n ń gé wáyà. Àwọn àgbẹ̀ Wáṣínmi nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti àwọn àgbẹ̀ etí odò Náílì kò mọ ara wọn rí. Ohun tí wọ́n ṣe papọ̀ ni pé wọ́n mọ ohun tó ń gbé ṣọ́jà àti àṣẹ amúnisìn rìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ.

Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni Azhar. Òfin ogun ti ká àpéjọ lọ́wọ́ kò ní Káírò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí èèyàn má lọ kírun? Alaalẹ́ ni wọ́n ń kún inú Azhar, tí ẹnì kan bá gun mímbárì sọ̀rọ̀ tán, òmíràn á gùn ún. Àwọn ọmọ kéwú ló ń gbé ìròyìn láti ibẹ̀ lọ sí ìgbèríko. Ogun Adúbí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Inú oko àti ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló ti jà, bí ṣọ́jà ṣe ń wọ abúlé kan, abúlé kejì lè má tíì gbọ́.

Ohun tó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa 1919 ni ẹni tó gun mímbárì náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù níbẹ̀ ni Sergius, àlùfáà ìjọ Kọ́ptíkì, Kìrìsìtẹ́nì pátápátá. Ó dúró nínú Azhar, lórí àga tí lẹ́mọ́ọ̀mù ti ń ka hútúbà, ó ń sọ fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pé Íjíbítì ni wọ́n jọ ni. Àwọn ààfáà náà lọ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àsíá tí wọ́n ń gbé kiri ní oṣù àti àgbélébùú lára pọ̀. Àwọn obìnrin jáde ní ọjọ́ 16 oṣù March, Huda Sha'rawi wà lára aṣáájú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ìjà yìí ní ìjà ẹ̀sìn kò ka ìtàn náà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí Ìyá wa, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, kó àwọn obìnrin jọ lórí owó orí lọ́dún 1947 sí 1948 níwájú ààfin Aké. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyálọ́jà tó tẹ̀ lé e jẹ́ Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ẹnì kejì ti ń jọ́sìn kí wọ́n tó jọ kọrin. Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní oṣù January 1949.

Ní oṣù December 1919, àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn afẹ̀hónúhàn wọ inú Azhar. Wọ́n tún ṣe bíi Faransé. Àwọn ààfáà àgbà kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn, títí kan àwọn tí kì í fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní oṣù February 1922, Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Íjíbítì ti gba òmìnira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ọmọ ogun wọn sílẹ̀ níbẹ̀ títí di 1956.

Ọdún 1956 yẹn ni Gamal Abdel Nasser gba odò gbígbẹ́ Suez sọ́wọ́ ìjọba Íjíbítì, tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ísírẹ́lì sì gbógun tì í. Ní oṣù November, nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́, Azhar ni Nasser lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní àwọn máa jà, àwọn kò ní túúbá. Ó mọ ohun tí Azhar túmọ̀ sí fún ará ìlú láti 1798. Ṣùgbọ́n òun náà ló ṣe òfin ọdún 1961 tó fi Azhar sábẹ́ ìjọba pátápátá. Òfin yẹn ló fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn ẹ̀ka mìíràn kún un, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì náà fún àwọn obìnrin, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ó tún fi yíyan olórí Azhar sọ́wọ́ ààrẹ. Ìlú wá ní yunifásítì ńlá, àmọ́ mímbárì tó ti ń bá ọba àti àjèjì wí bọ́ sábẹ́ ẹni tó ń sanwó oṣù.

Láti 1961 ni orúkọ náà ti pín sí ohun tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú níbi wòlímọ̀. Mọ́sálásí ọdún 972 ṣì wà ní Káírò àtijọ́, wọ́n ń kírun níbẹ̀, àwọn ààfáà kan sì ń kọ́ni nídìí òpó títí dòní. Yunifásítì ti tàn kálẹ̀, Nasr City ni olú ọgbà rẹ̀ wà, àdúgbò Abbasiya ni ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé. Sheikh Azhar ni olórí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín ti rí Azhar wọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà kí èdè Lárúbáwá wọn tó dán mọ́rán ni, tàbí yunifásítì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹ̀ka tó máa kà. Kì í ṣe ọdún kan náà ni wọ́n ń lò, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ń gbà.